Ká já oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì sílẹ̀ lójijì, àbí ká dín in kù díẹ̀díẹ̀?

Paroxetine, ọ̀kan lára àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, kì í pẹ́ lára: láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá já a sílẹ̀ lójijì lè wà nínú dánfó Ojúẹlẹ́gba sí Yábàá, kó kàn yíjú sí fèrèsé, kí òòyì kọ́ ọ, kí orí ta á bí ẹni tí iná gbé. Ọwọ́ ayé kọ́ o. Ọpọlọ ló ń wá ohun tó ti mọ́ ọn lára.

Dídín in kù ni mo fara mọ́. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ó sì ń súni, àmọ́ bó bá le jù, dókítà lè dá a padà sí ìwọ̀n tẹ́lẹ̀. Ẹ má torí orúkọ “Yaba Left” sá fún ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá. Wọ́n lè bá yín ṣètò rẹ̀.