Ọgbà Ìgbafẹ́ Peckham Rye ní Lọ́ńdọ̀nù: Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin wo ló gbè é lẹ́yìn?

Ẹni tó bá ra iṣu àti ẹ̀fọ́ tán ní Rye Lane, òpópónà ọjà ní Peckham, tí ó sì ń wá ibi tí yóò ti fara balẹ̀, kò ní rìn jìnnà kí ó tó dé Peckham Rye. Pápá gbalasa tí wọ́n ń pè ní Common ni yóò kọ́kọ́ kàn, èyí tí àwọn aláṣẹ Camberwell rà ní 1868 kí àwọn tó ń kọ́lé tà má baà gbà á mọ́ àdúgbò lọ́wọ́. Ọgbà gan-an, tí wọ́n ṣí ní 1894, wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí owó ìwọlé.

Apá tí wọ́n ń pè ní Sexby Garden ló wù mí jù. Ọ̀nà tóóró ibẹ̀ gba àárín ebè òdòdó kọjá, àwọn ìtàkùn olódòdó sì fà bo igi tí wọ́n tò sókè lórí ọ̀nà náà. Ní tòsí ọgbà tí wọ́n ṣe ní ìlànà àwọn ará Japan, ẹ ó rí odò Peck tó ń ṣàn, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti darí rẹ̀ gbà ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Ìyá tó ti ilé wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun, tí ó ti há mọ́ inú fúláàtì láti àárọ̀, yóò rí àga jókòó, yóò rí oòrùn yá, yóò sì rí ẹni tí yóò kúnlẹ̀ kí i ní Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ìyá yẹn yóò béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó pẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ òfin ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ìlera ti 1936 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní England láṣẹ láti kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ará ìlú, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di dandan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọgbà fúnra rẹ̀. Ilé ìkàwé ní òfin tirẹ̀ láti 1964, èyí tó pàṣẹ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ pèsè rẹ̀ dáadáa. Ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, nítorí náà, nígbà tí owó bá wọ́n, kò sí ohun tó de ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ gé owó àwọn tó ń ro oko ibẹ̀. Bí mo bá ní kí n fún ọgbà yìí ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni. Òfin tó gbé e ró kò gbà ju méjì lọ.

Ní 2017, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọgbà wò kọ̀ láti dámọ̀ràn pé kí ìtọ́jú wọn di dandan, wọ́n ní irú òfin bẹ́ẹ̀ lè di ẹrù wúwo, ó sì lè má ṣe ohun tí a fẹ́ kó ṣe. N kò fara mọ́ èyí rárá. Ohun tí ọmọdé, arúgbó àti aláìsàn ń lò lójoojúmọ́ kò yẹ kó máa dúró de ìgbà tí owó bá ṣẹ́kù.

Títa ilẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1972 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra. Wọ́n ta ilẹ̀ ìṣeré kan ní Shrewsbury, ìlú kan ní England, láìkéde, àfi ìgbà tí ará ìlú kan gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2023 kí wọ́n tó dá a pé ẹ̀tọ́ ará ìlú lórí ilẹ̀ náà kò tíì parẹ́. Ìkéde ọ̀sẹ̀ méjì kéré jù. Ó yẹ kí ilé aṣòfin fi kún un.

Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú ní Britain lè dìbò yan aṣòfin, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ẹ bi ẹni tó bá wá tọrọ ìbò yín ní Peckham bóyá yóò fọwọ́ sí òfin tí yóò sọ ìtọ́jú ọgbà di dandan, kí ẹ sì jẹ́ kó dáhùn kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.