Awò páálí, awò VR tàbí projector: èwo ló yẹ kí iléèwé rà láti fi mú igbó kìjikìji wọ kíláàsì?

Bí iléèwé yín bá wà lágbègbè Ìjẹ̀bú, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ háyà bọ́ọ̀sì ná. Igbó Omo, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì ayé láti ọdún 1977, wà nítòsí yín, erin sì wà níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Mushin lẹ wà, táwọn òbí ò gbà kí ọmọ wọn gba ọ̀nà márosẹ̀, tàbí tó jẹ́ igbó Amazon gan-an lẹ fẹ́ káwọn ọmọ rí, ẹ jókòó ká jọ ṣírò ọ̀rọ̀ náà.

Awò páálí

Òun ló pọ́kú jù. Irú èyí tí Google gbé jáde lọ́dún 2014 ni: páálí tí wọ́n ṣẹ́ pọ̀, lẹ́ńsì méjì, kẹ́ ẹ sì ti fóònù bọ̀ ọ́ níwájú, kí àwòrán lè dà bíi pé ó yí yín ká. Àmọ́ owó páálí kọ́ lowó, owó fóònù lowó. Fóònù náà gbọ́dọ̀ ní gyroscope, ohun tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti yí orí padà, ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni ò sì ní in. Ẹ ṣí fídíò 360 kan, ìyẹn fídíò tó ń fi gbogbo àyíká hàn, lórí YouTube, ẹ gbé fóònù dání, kẹ́ ẹ yí gbogbo ara sẹ́yìn. Bí àwòrán ò bá yí tẹ̀lé yín, kò sí nínú ẹ̀ nìyẹn.

Èmi fúnra mi ti jìn sí kòtò yìí. Awò páálí 20 la rà fún iléèwé ẹ̀gbọ́n mi. A gba fóònù 11 lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, 4 péré ló ṣiṣẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, òógùn iwájú orí àwọn ọmọ ti mú kí páálí rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

Ẹ tún ṣọ́ra fẹ́ni tó bá ń ta ẹrù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní Expeditions. Áàpù Google tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, tí olùkọ́ fi ń darí gbogbo kíláàsì wọgbó látorí tablet kan, ti kógbá wọlé lọ́dún 2021. Ọdún yẹn náà ni Google ò ta awò páálí mọ́. Díẹ̀ lára àwọn ìrìn àjò náà ṣì wà lórí Google Arts & Culture, ẹ ò sì nílò ẹrù ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó wò wọ́n.

Awò VR tó dá dúró, irú Meta Quest

Awò tí wọ́n ń dè mọ́jú ni, òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé àwòrán jáde, kò nílò fóònù. Ká sòótọ́, kò sí èyí tó dùn tó o. Ọmọ á gbójú sókè wo ibi tí orí àwọn igi ti pàdé, á na ọwọ́ pé òun fẹ́ já ewé. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò: ọmọ 40, awò 2, ìṣẹ́jú 5 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 100 nìyẹn, a ò tíì sọ tẹni tó kọ̀ tí ò bọ́ ọ sílẹ̀. Bátìrì ẹ̀ kì í sábà kọjá nǹkan bíi wákàtí méjì. Meta tó ń ṣe é fúnra wọn ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún 10 ò gbọ́dọ̀ lò ó, àti pé àkáǹtì ọmọ ọdún 10 sí 12 gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òbí. Òòyì sì máa ń kọ́ àwọn kan.

Projector

Eléyìí ò jọni lójú, òun sì ni màá fowó mi rà. Gbogbo kíláàsì ló ń rí nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ lè dá fídíò dúró, kó ní, "Ta ló rí ọ̀pọ̀lọ́ níbí?", ariwo á sọ. Fídíò 360 náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mouse lẹ máa fi yí i ká.

Ìmọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ béèrè iye ANSI lumens, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ìlànà kan pàtó wọ̀n, kì í ṣe lumens lásán tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ọjà. Ní kíláàsì tóòrùn ń wọ̀, 3,000 ni kẹ́ ẹ máa wá, kẹ́ ẹ sì ta kọ́tìnnì sí fèrèsé. Àwọn tó ń lo gílóòbù lè fa nǹkan bíi 300 watts, nítorí náà ẹ gbé e sórí ínfátà yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra sípíkà gidi. Nínú igbó, etí ló ń ríran ju ojú lọ: ẹyẹ ń ké, kòkòrò ń dún, ewé ti bo gbogbo wọn.

Àwọn ọlọ́jà kan á ní "ìrìn àjò ojú ẹsẹ̀" làwọn ń tà, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa wò bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Robert Ballard, ọ̀kan lára àwọn tó ṣáájú nígbà tí wọ́n rí òkú ọkọ̀ Titanic lọ́dún 1985, dá JASON, ètò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, sílẹ̀ lọ́dún 1989. Lọ́dún 1994 wọ́n lọ sígbó Belize, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò wọ́n látòkèèrè lórí sátẹ́láìtì, wọ́n sì ń bi àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìbéèrè. Ìbéèrè yẹn gan-an lẹ̀ ń sanwó fún. Bọ́mọ ò bá lè béèrè nǹkan kan, fídíò ni wọ́n ń tà fún yín, owó fídíò ni kẹ́ ẹ san.

Èyí tí kì í bá ṣe ti ojú ẹsẹ̀, ẹ ní kí ọlọ́jà pa Wi-Fi níṣojú yín, kó wá fi igbó hàn yín. Bó bá ní, "Ẹ jẹ́ kí n tan hotspot ná," ẹ kí i kú ọjà, kẹ́ ẹ máa lọ.