Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta síìtì ọmọ "ńlá" láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ ra káà síìtì, ìyẹn àga ọmọ tí wọ́n ń dè mọ́ àga mọ́tò, fún ọmọ tó ti ń tó ọdún méjì lásìkò yìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá èyí tó tóbi tí ọmọ á ṣì lè kọjú sí ẹ̀yìn mọ́tò nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó ṣe tiránsífà fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó lórí státọ́ọ̀sì WhatsApp àti lórí Facebook, tọ́kunbọ̀ ló ń tà, ó ní òun ń gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde, Òdógbolú, Ìlíṣàn, Ìperu títí dé Ṣágámù, ẹnu ẹ̀ dùn, gbogbo obìnrin ni "mọ̀mí mi", fọ́tò ẹ̀ sì máa ń mọ́ rekete. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí orúkọ yẹn kì í pẹ́ yí padà, nọ́ńbà náà ń yí, ọjà ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ dá mọ̀.

Ìyàwó àbúrò mi ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀ ti lé lọ́dún kan àbọ̀, ó ti ń lọ sí kílò mẹ́tàlá, síìtì kékeré olọ́wọ́ tí wọ́n fi gbé e jáde l'ọ́sìbítù ti há mọ́ ọn, orí ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ bá etí síìtì dọ́gba lókè. Ó wá kọ̀wé sí ọkùnrin yìí pé òun fẹ́ èyí tó tóbi sí i ṣùgbọ́n òun ò tíì fẹ́ kí ọmọ kọjú síwájú. Ọ̀gbẹ́ni ní kò sí wàhálà, ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́, ó ní eléyìí á gbé e títí á fi pé ọdún mẹ́rin, ẹ̀yìn ló máa kọjú sí, ó sì fi ìka tọ́ka sí sítíkà funfun kan tí wọ́n kọ "0–25 kg" àti "2021" sí gàdàgbà. ₦78,000. Ó sanwó. Ìrọ̀lẹ́ ni ọlọ́kadà gbé e wá, kò tiẹ̀ pa ọ̀kadà, ó já a sílẹ̀ ó lọ.

Òórùn ọ̀rinrin ń bọ̀ lára síìtì yẹn ṣáá, ni mo bá ní ká bọ́ aṣọ ara ẹ̀ ká fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni àṣírí tú. Tẹ́ ẹ bá bọ́ aṣọ àti fóòmù kúrò lára síìtì ọmọ, ẹ dojú ẹ̀ dé, ẹ máa rí àmì róbótó kékeré kan tí wọ́n dà mọ́ ara rọ́bà níbi tí wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà 1 dé 12 ló yí i ká, ìyẹn oṣù, ọfà kan á tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn, nọ́ńbà ọdún á wà láàárín. Ohun tó wà láàárín tiwa ni 09. Ìyẹn ni pé 2009 ni wọ́n da rọ́bà yẹn! Sítíkà tó ní 2021, ẹnikẹ́ni lè lọ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tara rọ́bà ò ṣe é pa rẹ́ láìjẹ́ pé èèyàn fi ọ̀bẹ ha á, tó bá sì ha á ẹ máa rí ojú ọ̀bẹ.

Nígbà tá a fi omi gbígbóná rẹ sítíkà funfun yẹn tó ṣí, sítíkà kan tún wà lábẹ́ ẹ̀, aláwọ̀ ọsàn, wọ́n ti ha á ṣùgbọ́n kò tán. A rí lẹ́tà E nínú róbótó, a rí R44, ìyẹn àmì òfin Yúróòpù àtijọ́ fún síìtì ọmọ, a sì rí 0–18 kg. Ẹ gbọ́ o, 18 yẹn náà, ìgbà tí ọmọ bá kọjú síwájú ni. Irú síìtì Yúróòpù àtijọ́ báyìí, tó ń ṣe méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní 0+/1, kílò 13 ló sábà máa ń jẹ́ òpin ẹ̀ tí ọmọ bá kọjú sẹ́yìn, ọ̀nà ibi tí bẹ́líìtì mọ́tò máa gbà sì ní àwọ̀ tiẹ̀, búlúù ni ti kíkọjú sẹ́yìn, pupa ni ti kíkọjú síwájú. Tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ búlúù dáadáa, wọ́n kọ 13 sí i kékeré. Ọmọ tó ti ń lọ sí kílò 13, kí ló fẹ́ fi ṣe? Oṣù díẹ̀ ló kù fún un, tí rọ́bà náà bá tiẹ̀ ṣì lágbára. Kò sì lágbára mọ́, torí ìlà funfun tín-ín-rín-tín-ín-rín wà níbi tí ẹ̀yìn ti pàdé ìjókòó, rọ́bà kì í ṣàdédé funfun bẹ́ẹ̀, ohun tó wúwo ló ti tẹ̀ ẹ́ tàbí fà á kọjá agbára ẹ̀.

Ẹ bi mí pé níbo ló ti ń rí wọn. Ṣebí ẹ mọ̀ bí mọ́tò tọ́kunbọ̀ ṣe ń wọlé, púpọ̀ nínú wọn ló ti ní jàǹbá lókè òkun kí wọ́n tó tà wọ́n ní gbànjo, síìtì ọmọ á sì wà nínú ẹ̀ nígbà míì, òun náà á bá a wọ kọ̀ǹténà. Àwọn tó ń ṣe síìtì yìí fúnra wọn sọ ọ́ pé èyí tó bá ti wà nínú mọ́tò tó ní jàǹbá gidi, kí wọ́n má lò ó mọ́, torí rọ́bà lè ti sán nínú kó má hàn lójú. Wọ́n tún máa ń kọ ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá sí i, òmíràn ọdún mẹ́fà, òmíràn dé ọdún mẹ́wàá. Ìdí tí ọkùnrin yìí ṣe ń ha sítíkà kúrò nìyẹn, gbogbo ìtàn síìtì ló wà lára ẹ̀.

Ìyàwó àbúrò mi pè é. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ní "ṣé tuntun lẹ fẹ́ ra ni mọ̀mí mi?" Nígbà tó rí i pé a mọ ohun tá à ń sọ, ó ní òun kì í dá owó padà, ó sì ti bulọ́ọ̀kù wa. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kiri, àṣé àwa nìkan kọ́. Obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, aṣọ lásán ló gbé fún un, aṣọ tí wọ́n rán bẹ́líìtì mọ́ tí wọ́n á so mọ́ ara síìtì mọ́tò, kò ní rọ́bà kankan lẹ́yìn, ó ní "portable" ni. Ẹ má ra nǹkan yẹn rárá, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Bàbá kan ní Ìlíṣàn ra èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n kọ 40 sí i, ọ̀gbẹ́ni ní kílò 40 ni, ó lè gbé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Irọ́ gbuu! Pọ́n-ùn làwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn nǹkan. Pọ́n-ùn 40 ò ju kílò 18 lọ, pọ́n-ùn 50 sì jẹ́ kílò 22 àti díẹ̀. Ẹ pín in sí 2.2 kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Àwọn kan á ní kí ló dé tá a fi ń da ara wa láàmú, ṣebí ọmọ ti lè jókòó, ẹ jẹ́ kó kọjú síwájú kó máa wo ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ tàbí ẹsipirẹ́ẹ̀sì Èkó sí Ìbàdàn, ẹ mọ bí tírélà ṣe ń sáré níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe máa ń dúró lójijì. Orí ọmọ kékeré tóbi, ó sì wúwo gan-an fún ara ẹ̀, egungun ọrùn ẹ̀ ò tíì le tán. Tí mọ́tò bá fi iwájú gbá nǹkan, ọmọ tó kọjú síwájú, bẹ́líìtì á di èjìká ẹ̀ mú, orí á fò lọ síwájú, ọrùn ló máa gbà á. Èyí tó kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn síìtì á gbà á mọ́ra láti orí dé ìdí bí ọ̀já ṣe ń gba ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá. Ìyẹn ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi sọ ọ́ ní 2018 pé kí wọ́n má wo ọjọ́ orí nìkan mọ́, kí ọmọ máa kọjú sẹ́yìn títí tó fi máa dé òpin kílò tàbí gíga tí wọ́n kọ sára síìtì ẹ̀.

Ibi tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ti ń mú àwọn èèyàn gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Á ní ẹsẹ̀ ọmọ ti ń kan ẹ̀yìn síìtì mọ́tò, ó ti ga jù, ẹ ra eléyìí tó kọjú síwájú, á sì tà á wọ́n. Ẹsẹ̀ ò kan ọ̀rọ̀ náà o, ọmọ á ká a kò tàbí kó nà án gun ẹ̀yìn àga, bí wọ́n ṣe ń jókòó nílé náà nìyẹn. Orí ni kẹ́ ẹ wò. Ti síìtì Amẹ́ríkà, tí orí ọmọ bá ti sún mọ́ òkè rọ́bà tí kò ku íńṣì kan, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, ó ti kéré sí i nìyẹn. Kẹ́ ẹ wo èjìká náà, tí ọmọ bá kọjú sẹ́yìn, ibi tí bẹ́líìtì ti yọ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ bá èjìká dọ́gba tàbí kó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, tí ihò tó ga jù bá ti wà lábẹ́ èjìká jìnnà, síìtì yẹn ti fẹ́ kéré. Ìdí nìyí tí "ńlá" tó ń kọ sórí státọ́ọ̀sì ò fi ní ìtumọ̀, síìtì lè fẹ̀ ní ìdí kí ẹ̀yìn ẹ̀ kúrú. Kílò tó kọ síbi kíkọjú sẹ́yìn àti gíga ẹ̀yìn rọ́bà, ìyẹn lẹ̀ ń rà.

Ẹ wọn ọmọ yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ẹni tí kò bá ní síkéèlì ọmọ, kó gbé ọmọ gun ti àgbà, kó tún dá gùn ún, kó yọ ọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ síìtì Yúróòpù tuntun, R129 lẹ máa rí lára ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń ka ìyẹn, kẹ́ ẹ wọn gíga ọmọ náà. Ti Amẹ́ríkà, wọ́n á kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé ó bá òfin ìjọba àpapọ̀ wọn mu, orúkọ ilé iṣẹ́, nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é á wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá ní ìkankan nínú gbogbo ìwọ̀nyí, tàbí tí sítíkà ẹ̀ mọ́ ju síìtì fúnra ẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Àwa Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń bú pé a fẹ́ràn owó, ó yẹ ká lè fi ìwà yẹn gba ara wa sílẹ̀ lórí èyí. Ẹ má san kọ́bọ̀ kí síìtì tó dé iwájú mọ́tò yín. Ẹ ní kó wá lọ́sàn-án gangan, kó bọ́ aṣọ ẹ̀ lójú yín, kẹ́ ẹ wo àmì róbótó yẹn, kẹ́ ẹ gbé e sínú mọ́tò ẹ fi bẹ́líìtì dè é. Síìtì ńlá máa ń gba àyè, nínú mọ́tò kékeré ó lè ti àga iwájú débi tí dírẹ́bà ò ní lè na ẹsẹ̀, ẹ dán an wò. Mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà láti ìparí 2002 sókè sábà máa ń ní irin kékeré méjì nísàlẹ̀ àga ẹ̀yìn tí wọ́n lè kọ́ síìtì mọ́, bẹ́líìtì mọ́tò náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ẹ di síìtì mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, ẹ mì í, tó bá ń yẹ̀ ju íńṣì kan lọ, kò tíì dè. Iwájú tí airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde tí mọ́tò bá gbá nǹkan, wà ńkọ́? Láéláé, ẹ má gbé ọmọ tó kọjú sẹ́yìn síbẹ̀, airbag yẹn á gbá ẹ̀yìn síìtì mọ́ ọn lórí.

Mo mọ̀ pé tuntun gba owó gan-an, mi ò ní kí gbogbo èèyàn lọ ra tuntun. Tọ́kunbọ̀ tẹ́ ẹ mọ ẹni tó lò ó, ìbátan tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ tí ọmọ tiẹ̀ ti dàgbà jù ú lọ, tó lè fẹnu ara ẹ̀ sọ pé mọ́tò òun ò ní jàǹbá rí, ó dáa ju gbogbo ohun tó wà lórí státọ́ọ̀sì ọkùnrin yìí lọ.

Ẹni tó bá ti sanwó fún un, ẹ má pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́ lórí fóònù. Ẹ tọ́jú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, rísíìtì tiránsífà àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, kẹ́ ẹ kó o lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà. Òfin wọn ti 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kì í ṣe ohun tí wọ́n júwe fún un padà, "mi ò kì í dá owó padà" tó ń sọ kiri yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwa ti kọ tiwa ránṣẹ́. Bí a bá pọ̀, wọ́n á tètè dá a mọ̀ pé àkáǹtì kan náà ni.

Èyí tó bá ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ ti rí i pé kò dáa, ẹ má kàn gbé e síta lọ́jọ́ ìdalẹ̀nù o. Àwọn tó ń ti ọmọlanke ra irin àti rọ́bà kiri á gbé e, ó sì lè tún padà sọ́wọ́ ọkùnrin kan náà, á fọ aṣọ ẹ̀, á lẹ sítíkà míì mọ́ ọn. Ẹ gé gbogbo bẹ́líìtì ara ẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ kẹ́ ẹ fi máákà kọ "KÒ DÁA" sí ara rọ́bà lẹ́yìn àti lábẹ́ kẹ́ ẹ tó jù ú nù.