Ẹ̀kọ́ Òfin àbí Ẹ̀kọ́ Nípa Ìwà Ọ̀daràn?
Ẹni tó bá fi ìdánwò JAMB wọ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì Nàìjíríà yóò lo ọdún 5, yóò sì tún lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin (Law School) kó tó di agbẹjọ́rò; ọdún 4 ni ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn. Bí ọmọdékùnrin kan bá jí fóònù lọ́jà, amòfin yóò béèrè ẹ̀rí àti abala òfin tó rú, ṣùgbọ́n onímọ̀ ìwà ọ̀daràn yóò wádìí ẹni tó ń ra fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tó ti kúrò nílé-ìwé, àti bóyá ẹ̀wọ̀n lè yí i padà. Ìwádìí yìí ni mo gbà pé ìlú wa nílò jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè sọ ẹnikẹ́ni di agbẹjọ́rò.