Káàdì ₦200 tí Ìyá mi ń rà ní ₦220: àgbéyẹ̀wò káàdì bébà, kírẹ́díìtì yíyá àti kódù báńkì

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún kírẹ́díìtì yíyá. Káàdì bébà gba méjì, kódù báńkì náà gba méjì. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ahun ni mí, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Ọjà'ba ni Ìyá mi ti ń ta èlùbọ́. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, wọn ò ní dátà, wọn ò sì ní àkáǹtì ní báńkì kankan. Àjọ ni wọ́n ń dá. Èmi tí mo ń bá wọn tọ́jú nọ́ńbà fóònù wọn, orí áàpù báńkì ni mo ti ń ra tèmi: ₦200 ló ń kúrò nínú àkáǹtì mi, ₦200 ló ń wọlé, nígbà míì áàpù tún máa ń dá náírà díẹ̀ padà fún mi. Ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Ìyá ń ta káàdì ₦200 kan náà fún wọn ní ₦220. "Màámi, bá a ṣe ń tà á nìyẹn o."

Mo bá a jà lọ́jọ́ kan. Ó dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, ẹ wo agboòrùn yìí, mò ń san owó ààyè, mò ń san tíkẹ́ẹ̀tì, kí lẹ fẹ́ kí n jẹ lórí igba náírà?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Èrè tí àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta káàdì wọn kéré, kò lè bọ́ ẹni tó jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀. Orí ẹni tó mú owó lọ́wọ́ wá ló máa ń já sí.

Ó wá kan kírẹ́díìtì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yá èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ dáadáa rẹ̀, torí ó ní. *303# ni kódù rẹ̀, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòówù kẹ́ ẹ wà, láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí NCC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù, ti ní kí gbogbo wọn máa lo kódù kan náà. *310# lẹ ó fi wo iye tó kù. Ẹni tí kò mọ̀wé náà lè há a sórí. Kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì, kò bèèrè báńkì. Lálẹ́ ọjọ́ tí ara àbúrò Ìyá kò yá ní Mọ́níyà, tí gbogbo oníkáàdì ti palẹ̀ mọ́, òun ni wọ́n fi pè mí. Ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn, ti alẹ́ ọjọ́ náà ni.

Àmọ́ ẹ wo owó ibẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yá yín ní ₦200, ₦170 ló máa wọlé. Wọ́n ń pè é ní 15 nínú 100. Ṣebí ₦170 ló dé ọwọ́ yín? ₦30 lórí ₦170 ti lé ní 17 nínú 100. Ì báà jẹ́ ọ̀la lẹ san án, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ₦30 náà ni. Kò tíì tó sógúndógójì, ọ̀nà ibẹ̀ ló sáà kọjú sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Láti san gbèsè ₦200 yẹn, Ìyá á tún lọ ra káàdì ₦200 lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. ₦220 ni wọ́n máa san. Bí wọ́n bá ti kó o sínú fóònù, gbèsè á gbé e mì, fóònù á padà sí òfo. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ₦170 tí wọ́n sọ, ₦220 ni wọ́n san fún un. ₦50 lórí ₦170! Èmi tí mo jókòó sí Bódìjà pẹ̀lú áàpù, mi ò san kọ́bọ̀ lé e. Bí òfo bá sì tún bá wọn, wọ́n á tún yá. Láti ìgbà tí NCC ti gbà kí owó ìpè fi tó 50 nínú 100 lé sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025, ₦170 ọ̀hún kì í pẹ́ tán mọ́.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé kí n bá wọn ṣí àkáǹtì kékeré, kí wọ́n máa fi kódù báńkì ra kírẹ́díìtì. Mo ti lo kódù yẹn fúnra mi nígbà tí fóònù mi bà jẹ́. ₦6.98 ni ẹ̀ẹ̀kan, láti oṣù kẹfà ọdún 2025 sì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú kírẹ́díìtì dípò kí báńkì yọ ọ́ nínú àkáǹtì. Ìyá máa ń lo àkókò kí wọ́n tó rí nọ́ńbà tẹ̀. Kó tó délẹ̀, ó ti já, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìràwọ̀ méjì tí mo fún un gan-an, ojú àánú ni mo fi wò ó.

Ohun tá à ń ṣe báyìí ni pé Ìyá ń fún mi ní owó wọn lọ́wọ́, èmi á rà á lórí áàpù. Àwọn ará ìsọ̀ méjì ti bá wọn dara pọ̀, ọmọbìnrin oní-POS sì ti ń wò mí bákan. Ẹni tó bá lọ́mọ tàbí aládùúgbò tó ní áàpù, kó lo ọ̀nà yìí. Ẹni tí kò ní, kó máa yá ₦50 tàbí ₦100, kó má ṣe yá ju ohun tó fẹ́ sọ lọ.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìyá bá fẹ́ kí n fi ìràwọ̀ kan kún mẹ́ta, kí wọ́n sọ iye tó máa wọlé àti iye tí wọ́n máa yọ fún èèyàn ní Yorùbá, kó tó tẹ 1. Wọ́n mọ Yorùbá sọ. Ohùn tó ń pe Ìyá láàárọ̀ pé kí wọ́n wá ra orin, Yorùbá tó dán mọ́rán ló ń sọ. Ibi tí èlé wà nìkan ni wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì.