Ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Under G: iṣẹ́ wọn dáa, àmọ́ ẹ gbé fọ́ọ̀ǹtì yín dání

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, mo lọ tẹ ìwé ìkésíni ọjọ́ ìbí 70 ọdún màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Under G, mi ò ní dárúkọ wọn torí èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n yára, pépà wọn nípọn, íǹkì wọn kì í lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, kódà nígbà tí NEPA mú iná wọ́n gbé bẹ́ńṣì fún mi kí n fi jókòó títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀.

Fọ́ọ̀ǹtì, ìyẹn irú ọwọ́ ìkọ̀wé tí kọ̀ǹpútà ń lò, ló kó bá wa. Bọ̀dá tó ń ṣe dìsáìnì yan ọ̀kan tó lọ́ bí ìtàkùn, ó wù mí o, àfi ìgbà tíwèé jáde tí Àdùkẹ́, oríkì màmá mi, di Àdùk pẹ̀lú àpótí kékeré kan nídìí ẹ̀, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ tó 50! Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣeré. Kọ̀ǹpútà kọ́ jàre. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì lábẹ́ ní ààyè tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ tí àmì ohùn bá tún gùn ún lórí, fọ́ọ̀ǹtì fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé e sí, ẹni tó ya tibí ò tiẹ̀ ronú kàn wá.

Wọ́n yí i sí Times New Roman. Àpótí lọ, àmọ́ ó wá dà bí ìwé ìròyìn, kò sì yà mí lẹ́nu, The Times ti London náà ni Stanley Morison àti Victor Lardent ṣe é fún lọ́dún 1932, kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè gba àyè kékeré. Ni ọmọ iṣẹ́ wọn bá ní ṣé káwọn lo Comic Sans. Comic Sans kẹ̀! Èyí tí Vincent Connare yà ní Microsoft lọ́dún 1994 torí ó rí ajá kátúùnù tó ń fi Times New Roman sọ̀rọ̀, tó ní kò bá ajá mu. Òun lẹ fẹ́ fún ìyá mi?

Mo bá da fọ́ọ̀ǹtì kan tó ń jẹ́ Gentium sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Victor Gaultney ló yà á nítorí àwọn èdè tí lẹ́tà wọn ń rẹrù bíi tiwa, ọ̀fẹ́ sì ni. Àdùkẹ́ jáde pé pérépéré, àmì ohùn jókòó sórí ẹ bíi gèlè.

Wọ́n tún 50 yẹn tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀ ni mo fún wọn, ààbọ̀ yẹn ti bẹ́ńṣì ni.