Wọ́n Kọ Owó Iṣẹ́ Kí Wọ́n Tó Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì: Àgbéyẹ̀wò Ilé Iṣẹ́ Tó Tún Glow Plug Ọkọ̀ Mi Ṣe

Ohun tó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni ìwé ìdíyelé kan tí akọ̀wé orí káńtà, ní ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan lẹ́yìn ìlú Chicago, nà sí mi kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi. Glow plug mẹ́jọ (irin kékeré tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì gbóná kí ó lè jí) ni ó kọ síbẹ̀, pẹ̀lú relay kan (ohun tó ń tan iná bátìrì sí wọn, tó sì ń pa á), wáyà abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ti ọ̀tún àti ti òsì, àti bátìrì méjèèjì, àpapọ̀ owó náà sì lé ní dọ́là 2,000. Mo bi í pé ta ló ti yẹ ọkọ̀ náà wò. Ó dáhùn pé kò tíì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n pé bí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ti pẹ́ tó báyìí bá kọ̀ láti jí nínú òtútù, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni àwọn máa ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú bí mi gan-an, nítorí pé àwọn ohun tó kọ sílẹ̀ yẹn kò sí èyí tí a kò lè fi mítà wọ̀n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọkọ̀ náà ni Ford F-350 ti ọdún 2002, tó ní ẹ́ńjìnnì Power Stroke 7.3 tí ilé iṣẹ́ Navistar ṣe fún Ford títí di ọdún 2003. Ẹni tó bá ń fi irú rẹ̀ fa mọ́tò lọ sí èbúté fún àwọn ènìyàn wa tó ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, bí èmi ti ń ṣe, ti mọ agbára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, n kò sì ní fi èyí gba àkókò ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe é ni pé, bí òtútù bá ti mú kí omi di yìnyín, sítátà á máa yí i dáadáa, èéfín funfun á máa rú láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ní gbà. Bí mo bá so ẹ̀rọ tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná mọ́ iná ilé fún wákàtí díẹ̀, á jí láìjanpata. Èéfín funfun yẹn jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tó wọlé tí kò jóná. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣá iná. Afẹ́fẹ́ tó fún mọ́ra, ní ìwọ̀n 17.5 sí 1 nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ni ooru rẹ̀ ń mú kí epo gbiná. Nígbà tí irin ẹ́ńjìnnì bá tutù púpọ̀, irin náà á gba ooru yẹn mọ́ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, ìdí sì nìyẹn tí glow plug kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyín iná nínú sìlíńdà tirẹ̀. Ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ yìí ní Ìbàdàn lè má mọ̀ rárá pé glow plug mélòó kan ti kú lára tirẹ̀, nítorí ooru ibẹ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní Chicago, oṣù January kì í bo nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Mo sọ fún akọ̀wé náà pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n ná. Ó ní owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀ ni, iye iṣẹ́ wákàtí kan. Mo ní mo gbà láti san án, ṣùgbọ́n pé mo fẹ́ nǹkan méjì: kí wọ́n jẹ́ kí n fojú ara mi rí ohun tí mítà bá sọ, kí wọ́n sì kó gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ kúrò fún mi. Ó kọ àyẹ̀wò sílẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì yí ìwé náà sí mi pé kí n fọwọ́ sí i. Kò kọ ti ohun èlò àtijọ́ sí i. Mo dá ìwé náà padà fún un, mo sì dúró síbẹ̀ títí tó fi kọ ọ́. Bí ó ti kọ ọ́ tán ni ó sọ pé oníbàárà kò gbọ́dọ̀ wọ ibi iṣẹ́, pé òfin ilé iṣẹ́ ìdójútòfò wọn ni, nítorí náà n kò lè rí mítà kankan. Ní gbogbo àkókò yìí, kò gbójú sókè wò mí. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń wò, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé sétígbọ̀ọ́ ara rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ọkọ̀ mi ti sun ọgbà wọn láti alẹ́ àná, tí kò sì lè jí láàárọ̀ yẹn, mi ò bá ti gbé e lọ.

Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí bàbá mẹkáníìkì kan tí irun wọn ti funfun jáde láti ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó hàn pé wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kí mi, wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí ọkọ̀ náà ti ń ṣe, wọ́n sì gbọ́ mi dópin láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n wá ní bí òfin bá sọ pé n kò gbọ́dọ̀ wọlé, inú ọgbà níta ni àwọn yóò ti wọ̀n ọ́n, nítorí pé òkè ẹ́ńjìnnì ni relay àti ibi ìsopọ̀ wáyà wà, àti pé ẹ́ńjìnnì tó ti tutù láti òru gan-an ló yẹ fún irú àyẹ̀wò yìí, torí pé relay kì í pẹ́ kó tó pa bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Bátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Méjèèjì ní volt 12.6, wọ́n sì fi bírò ara wọn fa ìlà lé bátìrì lórí ìwé ìdíyelé náà. Wọ́n kọjú sí relay. Irin ńlá méjì ló wà lórí rẹ̀: ìkan ń gba iná láti bátìrì nígbà gbogbo, ìkejì kò gbọ́dọ̀ ní iná àyàfi bí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní kí n yí i. Relay náà dún, a sì gbọ́ ọ ketekete. Akọ̀wé wa tó ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ní kí a gbà pé relay dára nìyẹn. Bàbá kò dá a lóhùn. Wọ́n gbé mítà lé irin àkọ́kọ́, ó fi volt 11.8 hàn, wọ́n gbé e lé ìkejì, kò tó volt 8. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò yẹ kó tó nǹkan, pé relay lè máa dún kí ojú tó ń fi iná kọjá nínú rẹ̀ sì ti jó, nítorí pé nígbà tí púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìyẹn àwọn glow plug náà, bá tutù, iná tí wọ́n ń fà pọ̀ máa ń sún mọ́ ampere 200 ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ka irú nǹkan yìí rí, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó fi hàn mí bẹ́ẹ̀ rí, lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó dára.

Wọ́n wá tú ibi ìsopọ̀ wáyà tó wọ abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀ ti ọdún yìí, ìkọ̀ọ̀kan ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: abẹ́rẹ́ àárín jẹ́ ti injector, ìyẹn ohun tó ń fún epo sínú sìlíńdà, méjì méjì tó wà ní ìpẹ̀kun jẹ́ ti glow plug, a sì lè wọn ìdènà iná púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan láti ibẹ̀ sí ara irin ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá dára kò ní kọjá ohm 2. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ọ̀tún kò tó ohm 1. Ní òsì, méjì dára, méjì kò dáhùn rárá. Mo rò pé wọn yóò sọ pé púlọ́ọ̀gì méjì ti kú. Wọ́n ní rárá, a kò tíì mọ̀, nítorí pé wáyà gba inú gáàsíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín ìdérí àti ẹ́ńjìnnì, kọjá kó tó kan púlọ́ọ̀gì, wáyà náà sì lè jó tàbí kó yọ. Ó dìgbà tí a bá ṣí ìdérí òsì, tí a gbé mítà lé orí púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti gbé ọkọ̀ wọlé tí wọ́n sì ṣí ìdérí náà, wọ́n wá pè mí láti orí àga tí mo jókòó sí, wọ́n ní kí n wá wò ó, òfin tàbí kò sí òfin. Púlọ́ọ̀gì kan fi ohm 0.8 hàn. Ó dára. Ike tó de wáyà mọ́ ọn lórí ló ti yọ́. Ìkejì kò dáhùn ní tòótọ́. Nínú púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ tí wọ́n fẹ́ tà fún mi láàárọ̀ yẹn, ẹyọ kan péré ló kú.

Bàbá gbà mí nímọ̀ràn pé kí a pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní òsì, torí pé ṣíṣí ìdérí ni iṣẹ́, yíyọ púlọ́ọ̀gì kò gba àkókò, kí a sì fi ti ọ̀tún sílẹ̀ bó ti wà. Mo gbà. Káńtà gbé púlọ́ọ̀gì tí kò ní orúkọ kankan lára wá. Bàbá kọ̀ ọ́ lójú mi, wọ́n ní irú rẹ̀ máa ń wú ní ẹnu lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, tí kò ní ṣeé yọ mọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì lè já bọ́ sínú sìlíńdà. Motorcraft ZD-11 ni wọ́n ní àwọn yóò fi sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ní láti dúró di ọ̀sán kó tó dé. Mo dúró. Wọ́n fi ọwọ́ lásán yí ìkọ̀ọ̀kan wọlé kí wọ́n tó fi sípánà tó ń ka agbára fún un ní foot-pound 14, wọn kò jẹ́ kó lé. Gáàsíkẹ́ẹ̀tì tuntun pẹ̀lú wáyà rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà relay tuntun. Kí a tó dérí ọkọ̀, wọ́n tún gbé mítà lé relay tuntun náà: irin méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn dọ́gba.

Ìgbà tí mo padà sí káńtà láti sanwó ni ìbínú mi tún jí. Púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ló wà lórí ìwé. Mo ní mẹ́rin ni. Ó ní mẹ́jọ ni wọ́n ń tà pọ̀. Mo ní níbo ni mẹ́rin tó kù wà. Kò lè sọ. Ó di ìgbà tí bàbá tún jáde wá, tí wọ́n ka ohun tí àwọn lò sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa, kó tó tún un ṣe, kò sì bẹ̀ mí. Ó kó púlọ́ọ̀gì àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi, ṣùgbọ́n relay àtijọ́ ti wọ inú ìdọ̀tí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé tèmi ni. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni mo tún rí owó kan tí wọ́n pè ní ti ohun èlò ilé iṣẹ́. Mo bi í pé kí ni a fi rà. Ó ní àkísà àti òróró. Mo san án, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bínú sí i bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Síbẹ̀, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí wọ́n kọ láàárọ̀.

Kí n tó lọ, bàbá kọ́ mi ní ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún mi láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ náà. Iná kékeré tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó dúró kì í ṣe ẹ̀rí pé púlọ́ọ̀gì ti gbóná tó. Ó máa ń pa láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, nígbà tí relay lè wà lórí títí di ìṣẹ́jú-àáyá 120, bí òróró ẹ́ńjìnnì bá ti tutù tó. Nítorí náà, nínú òtútù líle, mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí iná náà bá pa kí n tó yí sítátà. Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ náà kò tíì kọ̀ fún mi, àní ní àárọ̀ tó tutù jù ní àdúgbò wa, láìso ó mọ́ iná ilé.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ kí ó gbé ọkọ̀ síbẹ̀ lálẹ́ kí ó lè tutù, kí ó béèrè fún bàbá náà kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kankan, kí ó sì ka iye ohun èlò kí ó tó yọ káàdì. Ìdérí ọ̀tún ti ń jo òróró díẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn kan náà ni màá gbé e lọ kí òtútù tó tún dé.